Àlọ́ Òǹkà Kan, Ètò Kọ̀ǹpútà, àti Ẹ̀kọ́ fún Olùdánwò

1. Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ èdè Yorùbá ni ó gbà pé kò sí ohun tí ó pa kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ iṣẹ́ wa ju títẹ ìwé ìdánwò lọ. Èmi náà wà lára àwọn tí ó ní irú èrò bẹ́ẹ̀, títí di ìgbà tí ìbéèrè kékeré kan tí mo fi dán àwọn ọmọ kíláàsì mi wò fi yé mi pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé àlọ́ òǹkà kan, bí a ṣe lè kọ ètò tí kọ̀ǹpútà yóò fi já a, àti ohun tí jíjá rẹ̀ kọ́ mi nípa bí ó ṣe yẹ kí a máa ṣe ìbéèrè àti ìlànà ìmáàkì.

Ìbéèrè náà nìyí, bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò ìparí táàmù:

"Mú 7. Kọ orúkọ rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Ka iye létà tí ó wà nínú orúkọ náà. Kọ orúkọ iye tí o rí, kí o sì tún ka létà rẹ̀. Máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Níbo ni yóò parí sí? (Máàkì 4)"

Èrò tèmi ni pé 3 ni ìdáhùn. Mo kọ ọ́ sínú ìlànà ìmáàkì mi pé èje ní létà mẹ́ta, ẹ̀ta náà sì ní létà mẹ́ta; nítorí náà, bí a bá ti dé orí 3, a kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin kan kọ ìdáhùn tirẹ̀ báyìí: "Kò parí síbì kan. 7, 4, 5, 7, 4, 5 ni yóò máa yí ká." Mo fi bírò pupa fa igi lé e, mo sì fún un ní òdo.

Ní ọjọ́ tí mo dá ìwé padà, ó wá bá mi ní yàrá àwọn olùkọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, méje ni mo kọ. Ẹ bá mi kà á." Mo kà á: m, e, j, e. Létà mẹ́rin. Mo ka mẹ́rin: létà márùn-ún. Mo ka márùn-ún: létà méje. Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Èmi tí mo ṣe ìbéèrè ni mo jẹ̀bi, nítorí n kò sọ irú orúkọ tí mo ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti kọ òdo sí iwájú orúkọ ẹni tí ó ṣe gbogbo ohun tí mo ní kí ó ṣe.

2. Irú àlọ́ tí ó jẹ́

Àlọ́ yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àwọn tí ó ń kọ́ ìṣirò àti àwọn tí ó ń kọ́ ètò kọ̀ǹpútà máa ń fi ṣeré ní èdè púpọ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, iye yòówù kí a fi bẹ̀rẹ̀, 4 ni a óò parí sí, nítorí pé létà mẹ́rin ni ó wà nínú "four". Bákan náà ni ó rí ní èdè Jámánì, nítorí létà mẹ́rin ni "vier" náà ní. Ní èdè Ítálì, "tre" tí ó jẹ́ 3 ní létà mẹ́ta.

Kí ni ìdí tí àlọ́ náà fi gbọ́dọ̀ dúró tàbí kí ó máa yí ká? Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Orúkọ nọ́ńbà ńlá kì í ní létà tí ó pọ̀ tó nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún jẹ́ 100, ṣùgbọ́n létà mẹ́jọ péré ni ó wà nínú orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, kò ní pẹ́ tí a óò fi bọ́ sí àárín àwọn nọ́ńbà kéékèèké. Nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn kò pọ̀ mọ́. Bí a bá sì ń rìn láàárín ohun tí kò pọ̀, dandan ni kí a tún pàdé èyí tí a ti pàdé rí. Bí èyí tí a pàdé bá ń tọ́ka sí ara rẹ̀, a dúró. Bí ó bá ń tọ́ka sí òmíràn tí yóò tún dá wa padà sọ́dọ̀ rẹ̀, a ń yí ká nìyẹn.

3. Orúkọ àwọn nọ́ńbà ní èdè Yorùbá

Kí kọ̀ǹpútà tó lè ka létà orúkọ nọ́ńbà, ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń dá orúkọ náà. A lè kọ gbogbo orúkọ láti 1 dé 184 fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìyẹn kò fi hàn pé a mọ òfin. Àwọn onímọ̀ bíi Adolphus Mann ní 1887 àti S. A. Ekundayo ní 1977 ti kọ̀wé lórí ètò òǹkà Yorùbá, ó sì hàn nínú iṣẹ́ irú wọn pé òfin wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tò ó bí olùkọ́ yóò ṣe tò ó fún ọmọ kíláàsì:

(i) Láti 1 dé 10, orúkọ kọ̀ọ̀kan dá dúró. A kò lè fi òfin rí i.

(ii) Láti 11 dé 14, a ń fi "lá" kún un: mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá.

(iii) 20, 30, 40, 50 títí lọ ni àwọn òpó tí òǹkà fara tì. Ogójì jẹ́ ogún méjì, ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, ọgọ́rin jẹ́ ogún mẹ́rin. Àwọn tí ó wà láàárín wọn, láti 50 lọ, jẹ́ òpó tí ó wà níwájú tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀: àádọ́ta jẹ́ ẹ̀wá dín nínú ọgọ́ta, àádọ́rin jẹ́ ẹ̀wá dín nínú ọgọ́rin. Ọgbọ̀n nìkan ni kò tẹ̀ lé òfin yìí.

(iv) Bí iye tí ó lé lórí òpó bá jẹ́ 1 sí 4, a ń fi "lé" so ó mọ́ òpó tí ó wà lẹ́yìn: 23 jẹ́ mẹ́tàlélógún.

(v) Bí ó bá jẹ́ 5 sí 9, a ń wo òpó tí ó wà níwájú, a ó sì fi "dín" yọ ọ́: 27 jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a kíyè sí. Èkíní ni pé ohùn ìparí mẹ́ta àti mẹ́rin ń di ohùn ìsàlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wọ inú orúkọ tí ó gùn: mẹ́ta, ṣùgbọ́n mẹ́tàlá. Èkejì ni "ní" tí ó fara pamọ́ sáàárín. "Ní" àti ogún di "lógún": fáwẹ̀lì "ní" ti pajẹ, ohùn òkè rẹ̀ kù sórí fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé e, "n" sì di "l". Níwájú àádọ́ta, fáwẹ̀lì náà kò pajẹ. Ó di "á", a sì ní láàádọ́ta. Gbogbo wa ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìpàrójẹ àti àrànmọ́ ní ọjọ́ kan, tí a sì ń kọ́ wọn ní òǹkà ní ọjọ́ mìíràn, bí ẹni pé ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà kò gbà fún wa. Bí a kò bá sọ òfin "ní" fún un, "mẹ́tàléníogún" ni yóò kọ.

4. Ètò náà

Èdè kọ̀ǹpútà tí mo lò ni Python, tí Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé jáde ní 1991. Wọ́n ń fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé nítorí pé kò ní wàhálà púpọ̀. Ètò náà nìyí:

import unicodedata

KEKERE = ["", "kan", "méjì", "mẹ́ta", "mẹ́rin", "márùn-ún",
          "mẹ́fà", "méje", "mẹ́jọ", "mẹ́sàn-án", "mẹ́wàá"]
IWAJU = ["", "mọ́kàn", "méjì", "mẹ́tà", "mẹ́rìn", "márùn"]
OPO = {20: "ogún", 30: "ọgbọ̀n", 40: "ogójì",
       50: "àádọ́ta", 60: "ọgọ́ta", 70: "àádọ́rin",
       80: "ọgọ́rin", 90: "àádọ́rùn-ún", 100: "ọgọ́rùn-ún",
       110: "àádọ́fà", 120: "ọgọ́fà", 130: "àádóje",
       140: "ogóje", 150: "àádọ́jọ", 160: "ọgọ́jọ",
       170: "àádọ́sàn-án", 180: "ọgọ́sàn-án"}

def so_mo(opo):
    if opo.startswith("à"):
        return "lá" + opo
    return "l" + opo[0] + "\u0301" + opo[1:]

def oruko(n):
    if n <= 10:
        return KEKERE[n]
    if n in OPO:
        return OPO[n]
    if n < 15:
        return IWAJU[n - 10] + "lá"
    eyo = n % 10
    if eyo <= 4:
        return IWAJU[eyo] + "lé" + so_mo(OPO[n - eyo])
    return IWAJU[10 - eyo] + "dín" + so_mo(OPO[n - eyo + 10])

def iye_leta(oro):
    oro = unicodedata.normalize("NFD", oro)
    oro = oro.replace("gb", "g")
    return sum(1 for x in oro if x.isalpha())

n = int(input("Nọ́ńbà wo? "))
ti_ri = []
while n not in ti_ri:
    ti_ri.append(n)
    n = iye_leta(oruko(n))
print(ti_ri, n)

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí àwọn àmì wọ̀nyí dẹ́rù bà á. Ọ̀nà mẹ́rin ni iṣẹ́ náà pín sí. "so_mo" ni òfin "ní" tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. "oruko" ni òfin (i) sí (v), bí a ṣe tò ó; "n % 10" túmọ̀ sí iye tí ó ṣẹ́ kù bí a bá fi 10 pín n. "iye_leta" ń ka létà. Apá ìparí ni àlọ́ náà fúnra rẹ̀: ó ń kọ iye tí ó ti rí sínú àkójọ kan, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ níwọ̀n ìgbà tí iye tuntun kò bá tíì sí nínú àkójọ náà. Nígbà tí ó bá tún pàdé èyí tí ó ti rí, ó dúró, ó sì sọ èyí tí ó tún pàdé.

Bí a bá fún un ní 7, yóò dáhùn pé: [7, 4, 5] 7. Bí a bá fún un ní 165, tí í ṣe márùndínláàádọ́sàn-án, yóò dáhùn pé: [165, 19, 13, 6, 4, 5, 7] 4.

5. Ibi tí ẹ̀rọ ti lè ṣì wá lọ́nà

Nínú ètò mi àkọ́kọ́, mo kàn ní kí kọ̀ǹpútà sọ bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Nígbà tí mo fún un ní 5, ó ní 5, 8, 5, 8 ni ó ń yí ká. Ó yà mí lẹ́nu. Mo ka márùn-ún lójú ara mi, létà méje ni. Ẹ̀rọ ní mẹ́jọ ni.

Nígbà tí mo wá ìdí rẹ̀, mo rí i pé ó ka àmì tí ó wà láàárín márùn-ún mọ́ létà. Bákan náà, kọ̀ǹpútà kò ní àmì ẹyọ kan fún "ẹ́" wa. Ó ní ọ̀kan fún "ẹ", ó sì ń fi ohùn òkè lé e lórí gẹ́gẹ́ bí àmì kejì. Nítorí náà, ojú ẹ̀rọ rí àmì márùn-ún nínú mẹ́jọ, nígbà tí ojú wa rí létà mẹ́rin. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ó kọ́kọ́ tú gbogbo àmì palẹ̀, kí ó sì ka kìkì èyí tí ó jẹ́ létà. Mo tún ní kí ó ka "gb" sí ẹyọ kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Ọgbọ̀n ní létà mẹ́rin, kò ní márùn-ún.

Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé òun ṣe àṣìṣe. Ó fi ìdánilójú dáhùn, gẹ́gẹ́ bí mo ti fi ìdánilójú fa igi pupa.

6. Èsì

Mo fi òfin yìí dán gbogbo iye láti 1 dé 184 wò. Orúkọ tí ó gùn jù nínú wọn kò ju létà 19 lọ, gbogbo wọn ni ó sì parí sí àárín 4, 5 àti 7. Kò sí ọ̀kan tí ó yà kúrò. Ọmọbìnrin yẹn kò jàre lórí 7 nìkan. Ó jàre lórí gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ni ìdáhùn tí ó tọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi 7 kan náà bẹ̀rẹ̀, kí a sì wo ohun tí a óò rí:

(a) Bí a bá lo orúkọ tí a fi ń kà lásán, ení, èjì, ẹ̀ta: 7, 3, 3. Ó dúró lórí 3. Láàárín 1 sí 10, àwọn kan ń parí sí 3, àwọn mìíràn sí 4, nítorí ẹ̀rin náà ní létà mẹ́rin. 1 fúnra rẹ̀ pín sí méjì: ẹni tí ó bá kọ ení yóò dé 3, ẹni tí ó bá kọ oókan yóò kọ́kọ́ dé 5, yóò sì parí sí 4.

(b) Bí a bá lo orúkọ tí a fi ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, ní àkọtọ́ òde òní: 7, 4, 5, 7. Ó ń yí ká.

(d) Bí a bá lo orúkọ (b) ní àkọtọ́ àtijọ́, tí wọ́n ń kọ marun láìsí "-ún" ní ìparí, bí a ti rí i nínú Bíbélì àtijọ́: 7, 4, 5, 5. Ó dúró lórí 5.

(e) Bí a bá ka sílébù dípò létà: 7, 2, 2. Orúkọ (b) yòówù kí a fi bẹ̀rẹ̀, 2 ni a óò parí sí, àfi kan tí ó ní sílébù kan ṣoṣo tí ó sì dúró sí ipò rẹ̀.

Ìbéèrè kan, ìdáhùn mẹ́rin, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ irọ́ nínú wọn. Èyí tí ó jọ mí lójú jù ni (d). Ó fi hàn pé nígbà tí a gba àkọtọ́ tuntun ní 1974, tí a sì ń kọ fáwẹ̀lì tí a gbọ́ ní ẹnu sílẹ̀ bí a ṣe gbọ́ ọ, ohun tí a yí padà ju ìrísí ọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ tí bàbá àgbà rẹ̀ kọ́ ní ìwé kíkà láti inú Bíbélì àtijọ́ lè mú 5 wá sí kíláàsì wa, kí á sì fún un ní òdo.

7. Ohun tí ó kan olùkọ́ àti olùdánwò

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé àlọ́ lásán ni èyí, kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú ọ̀ràn yìí wà nínú àwọn ìbéèrè tí a ń ṣe lójoojúmọ́. Bí a bá ní kí ọmọ kọ 15 ní èdè Yorùbá, ọ̀kan lè kọ ẹ̀ẹ́dógún, òmíràn márùndínlógún, òmíràn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Olùdánwò tí ó ní ọ̀kan ṣoṣo nínú ìlànà ìmáàkì rẹ̀ yóò fìyà jẹ àwọn méjì yòókù.

Ètò kọ̀ǹpútà wa pàápàá kọ̀ láti kọjá 184. Bí a bá fún un ní 185, yóò wá òpó 190, kò ní rí i, yóò sì dákẹ́ iṣẹ́. N kò fi òpó náà síbẹ̀ nítorí pé òfin (iii) yóò fún wa ní àádọ́wàá, ṣùgbọ́n igba ó dín mẹ́wàá ni àwọn àgbà a máa sọ. Òfin ní tirẹ̀, ẹnu ènìyàn ní tirẹ̀. Àǹfààní kọ̀ǹpútà ni pé kò ní bo irú ibi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí kò bá mọ ohun tí a ń fẹ́, yóò dúró, yóò sì jẹ́ kí a mọ̀. Ọmọ tí ó wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀; ó gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan, kí ó sì máa gbàdúrà pé kí ó jẹ́ ti olùdánwò.

Nítorí náà, mo dá àwọn àbá wọ̀nyí:

(i) Kí ìbéèrè lórí òǹkà sọ bóyá orúkọ tí a fi ń kà ni a ń fẹ́ tàbí èyí tí a fi ń yán ọ̀rọ̀-orúkọ.

(ii) Bí kíka létà tàbí sílébù bá wà nínú rẹ̀, kí a sọ èwo ni, kí a sì rán ọmọ létí pé "gb" jẹ́ létà kan.

(iii) Kí ìlànà ìmáàkì kọ gbogbo ìdáhùn tí ó tọ́ sílẹ̀, kí ó sì fún olùmáàkì láyè láti gba èyí tí ọmọ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn lẹ́sẹẹsẹ, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé.

(iv) Kí olùkọ́ tó ṣe ìbéèrè, kí ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀rọ tí kò mọ nǹkan kan ni yóò dá a lóhùn. Bí ẹ̀rọ bá ní ìdí láti béèrè pé "èwo nínú wọn?", ọmọ náà ní ìdí.

Kò pọn dandan kí a ní kọ̀ǹpútà ní kíláàsì kí a tó lè lo àbá kẹrin yìí. Bébà àti bírò tó. Mo ti ní kí àwọn ọmọ kọ òfin òǹkà sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, kí wọ́n pa ìwé dà láàárín ara wọn, kí ẹnìkejì sì tẹ̀ lé ohun tí ó wà lórí bébà láìfi ọgbọ́n orí tirẹ̀ kún un. Ẹ̀rín pọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ọ̀pọ̀ gbàgbé òfin "dín", "mẹ́jọlélógún" sì kún inú ìwé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó tún ṣi 28 kọ mọ́.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àlọ́ kékeré kan lórí òǹkà lè kó òfin nọ́ńbà, ìpàrójẹ, àrànmọ́, ohùn, àkọtọ́ àti sílébù pọ̀ sójú kan. A tún rí i pé kí a tó lè kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, a gbọ́dọ̀ sọ ohun gbogbo tí a ti ń gbé sínú láìsọ. Ohun tí a kò sọ yìí gan-an ni ó sábà máa ń da àwa olùdánwò àti àwọn ọmọ rú.

Ní ti ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, mo fún un ní máàkì mẹ́rin tí ó tọ́ sí i. Mo tún ko ìwé gbogbo kíláàsì padà, mo sì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí ọmọ méjì mìíràn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí méje, tí wọ́n rìn dé 4 àti 5, tí wọ́n sì fi igi fa iṣẹ́ wọn fúnra wọn nítorí wọn kò rí ibi tí ó dúró sí. Wọ́n rò pé àwọn ni wọ́n ṣe àṣìṣe. Àwọn méjì wọ̀nyí kò wá bá mi ní yàrá olùkọ́. Nítorí irú wọn ni mo ṣe kọ àpilẹ̀kọ yìí.